Gíràmafóònù Tí Wọ́n Pín Sí Ilé Mẹ́ta

Ọjọ́ Ajé, 9 Òkúdù

Mo ti jó ẹran Iléyá. Odidi ìkòkò kan. Teslim ọkọ mi ní òun máa gbé èyí tó dúdú jù kọ́ sára ògiri kí àwọn ọmọ wa lè máa fi rántí mi.

Ẹ̀bi Kaothar ọmọ wa ni. Mo dúró ti epo gbígbóná mi jẹ́jẹ́ nígbà tí fọ́tò rẹ̀ wọlé sórí fóònù: "Mọ́mì, ṣé irú àwọn ẹrù yín kọ́ nìyí? Mo rí i ní ìsọ̀ ẹnì kan ní Computer Village." Mo fẹ̀ ẹ́ wò. Irin róbótó kan ni, wọ́n so ó kọ́ sáàárín àwọn okùn ṣájà. Orí gíràmafóònù ni, ibi tí abẹ́rẹ́ máa ń jókòó sí. Kì í sì í ṣe orí gíràmafóònù lásán. Ara kékeré nì ló ti wá, èyí tó ń ká wọnú ara rẹ̀ tí kì í ju búrẹ́dì kékeré lọ, tí àwọn òyìnbó máa ń gbé lọ sí etí òkun láyé ọjọ́un. Mẹ́sàn-án ni mo ní nínú ilé yìí, lórí wọ́dùróòbù, lábẹ́ ibùsùn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn ló ṣeé gbé rìn, kò sí ọ̀kan tó ń ká. Láti ìgbà tí mo ti ń kó wọn jọ, inú ìwé nìkan ni mo ti ń rí i.

Èéfín ti gba gbogbo ilé kí n tó gbọ́ pé Teslim ń pariwo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Òkúdù

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Télọ̀ tó bá fẹ́ ra bọ́bìnì tàbí bẹ́líìtì maṣíìnì lónìí, kó lọ rà á níbòmíì.

Hassanat lorúkọ ọmọbìnrin tó ni ìsọ̀ náà. Ó ń ta ṣájà àti gíláàsì ojú fóònù, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Mo ní mo fẹ́ ra irin tó so kọ́ yẹn. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ẹ̀rọ Bàbá wa nìyẹn o. Ẹyọ yìí nìkan ò lè wúlò fún yín. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí."

Mo ní báwo?

Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wọn fẹ́, Alhaji Dàwódù. Kó tó kú ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ tú gíràmafóònù náà palẹ̀. Ó gbé àpótí rẹ̀ fún Ishaq, ọmọ ìyálé. Ó gbé orí rẹ̀ fún Hassanat, ọmọ ìyàwó kejì. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i, ó gbé e fún ìyàwó kékeré, Alhaja Kùdírátù, tó wà ní Onígbòǹgbò.

"Ọdọọdún tí ọjọ́ ikú wọn bá pé, gbogbo wa pátá, tọmọ-tọmọ, la máa kó lọ sọ́dọ̀ Alhaja," Hassanat ní. "A ó to ẹ̀rọ yìí pọ̀, Alhaja á yí i, àwo kan ṣoṣo á kọrin, a ó ṣe àdúrà, a ó jẹun. Tó bá tán, kálukú á tún tú tiẹ̀ gbé lọ. Wàhálà ọdọọdún ni, Mọ́mì. Ó ti sú wa."

Ṣé ẹ rí nǹkan? Ilé ni mo mọ̀ pé wọ́n ń pín ní ìdí igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan àti àwọn ọmọ rẹ̀, ìdí kan. Ilẹ̀ ni mo mọ̀. Ta ló ń pín gíràmafóònù? Mo fẹ́ẹ̀ bú bàbá náà, mo rántí pé òkú ni, mo ní kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ.

Mo bi í bóyá ó máa ta tiẹ̀. Ó ní ibi tí Bọ̀dá Ishaq bá fi sí lòun náà máa fi sí.

Ọjọ́bọ̀, 12 Òkúdù

Òjò láti ìdájí. Ọlọ́kadà gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà lọ́wọ́ mi fún ibi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ká ní ilẹ̀ gbẹ. Mo san án, mo sì ṣépè díẹ̀.

Ishaq ń rọ ìkòkò lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ti kú l'Ágége. Òkìtì agolo, páànù, ara fáànù àtijọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń yọ́ nínú iná. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó nu ọwọ́, ó lọ fa nǹkan kan yọ lábẹ́ àwọn àpò èédú. Lábẹ́ àpò èédú! Mo fẹ́ẹ̀ gbá àgbà ọkùnrin létí.

Ó ṣí i. Bísímílà. Awọ dúdú rẹ̀ ti bó létí, ìdè rẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n ó ká, ó sì tú, bí wọ́n ṣe ní kó máa ṣe. Mo fi ìka ti ibi tí àwo ń jókòó sí. Ó yí láìdún. Inú rẹ̀ yè. Mo yára fa ọwọ́ padà sábẹ́ ìborùn, torí ẹni tí ọlọ́jà bá ti rí i pé ojú rẹ̀ ń wá nǹkan, ó tán.

"Ẹ pẹ́ díẹ̀," Ishaq ní. "Ọ̀gbẹ́ni Ọláwọlé láti Opebi ti wá lánàá."

Inú mi bàjẹ́. Mo mọ Ọláwọlé. Ó ń ta ohun àtijọ́ fún àwọn onílé ìtura. Gíràmafóònù méjì ló ti gbà mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, ó da inú wọn nù, ó ki gílóòbù bọ̀ wọ́n, ó sọ wọ́n di àtùpà. Àtùpà! Kí ojú mi má tún rí i.

Mo ní, "Ẹ̀yin wá sọ fún un pé kí ni?"

"Mo ní mi ò lè ta òkú ẹ̀rọ. Bàbá mi fẹ́ràn ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mú un kọrin níbí, lójú èmi àti Hassanat, òun ni màá tà á fún. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ wó ibí yìí, a máa kó kúrò tóṣù bá parí. Tí kò bá tíì kọrin títí dìgbà yẹn, á jẹ́ pé ó ti kú. Kí Ọláwọlé máa gbé e lọ."

Ọwọ́ rẹ̀ ló kù. Ọwọ́ rẹ̀ sì wà ní Onígbòǹgbò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Òkúdù

Alhaja Kùdírátù ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé, ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ débi pé bàtà mi tì mí lójú. Ọwọ́ ẹ̀rọ náà wà lórí ìṣó lókè ibi tí wọ́n ti ń kírun. Ó ń dán. Wọ́n ń fi òróró pa á bí ẹni pa ọmọ lára.

Wọ́n fún mi lómi, wọ́n fún mi ní àkàrà, wọ́n béèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n jẹ́ kí n rojọ́ mi tán pátápátá.

"Fàúsátù, kì í ṣe títà."

Mo dárúkọ iye kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fi kún un.

"Ọmọ mi, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèǹgbè. Tí mo bá ta èyí, kí ni màá máa fi pè wọ́n?"

Mo rò pé wọ́n ń ná mi ni. Àwọn ìyá wa ò kúkú ní í sọ iye tí wọ́n fẹ́. Màá padà lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀, 20 Òkúdù

Mo gbé ṣúgà, mílíìkì àti ìborùn tuntun lọ sí Onígbòǹgbò lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Alhaja gba gbogbo rẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún mi títí orúnkún mi fi ń dùn mí, wọ́n wá ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn, rárá.

Wọ́n ní ṣé mo mọ irun dì? Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mo jókòó sórí àga, wọ́n jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún mi, mo di irun funfun wọn ní ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n sùn lọ. Bí wọ́n ti ń mí ni mo ń wo ìṣó yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 23 Òkúdù

Ishaq pè. Ọláwọlé tún ti wá, ó ti mú ẹni tó máa lu ihò okùn iná sí àpótí náà wá wò ó.

Teslim ní, "Ìyá Kaothar, ẹ fi ìyá oníyàá sílẹ̀. Wọ́n ti ní rárá lẹ́ẹ̀mejì. Kí tún ni rárá ń jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

Mo ní ọ̀rọ̀ náà ò yé e.

"Àìsàn ni nǹkan yìí ti ń dà o."

Ẹni tó ń sunkún nítorí bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó tí wọn ò mọ̀ ọ́n rí, òun ló ń bá mi sọ̀rọ̀ àìsàn. Mo gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ tòun ti ariwo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Òkúdù

Mi ò jẹun. Tọ̀sán-tòru ni mò ń rí gílóòbù.

Ọjọ́bọ̀, 26 Òkúdù

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí tí mi ò bá kọ ọ́ lónìí, màá ti máa purọ́ fún ara mi bó bá dọ̀la.

Mo ra ọṣẹ ìfọṣọ kan, èyí tó rọ̀ dáadáa, mo fi ọ̀rá wé e, mo kì í bọ báàgì. Mo lọ sí Onígbòǹgbò. Alhaja yọ̀ mọ́ mi. Wọ́n ní irun tí mo dì ti ń yún wọn, ṣé mo lè tú u. Mo tú u. Mo tún un dì. Wọ́n ń sọ ìtàn bí ọkọ wọn ṣe máa ń gbé gíràmafóònù yẹn sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere, tí àwọn méjèèjì á jọ gùn ún lọ sí Agége lọ kí ìyálé. Mo ń ní "hẹ̀n-ẹ́n, hẹ̀n-ẹ́n." Etí mi ń dúró de ìrun Àsárì.

Wọ́n pèrun. Alhaja gbé kẹ́túlù, wọ́n jáde lọ ṣe àlùwàlá.

Mo dìde. Mo sọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ lórí ìṣó. Mo ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ọṣẹ, ibi tó ti la, ibi tó ti ní eyín, mo fà á yọ. Mo tẹ ara rẹ̀ gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ ọṣẹ kejì. Mo fi etí ìró mi nù ún. Mo tún fi í kọ́, mo ki ọṣẹ padà sínú báàgì. Nígbà tí Alhaja wọlé, omi ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ wọn, mo ti jókòó, mo ń ka tẹ̀sùbáà.

Wọ́n ní kí n wá kí a jọ kírun. Mo ní mi ò lè kírun lónìí, mo wà nínú nǹkan oṣù mi. Irọ́ ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti rí i gbẹ̀yìn.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo ń tún un sọ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá títí mo fi délé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Òkúdù

Job ni tọ́nà tó ń fi ẹ̀rọ gé irin maṣíìnì fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ọba Àkàràn. Ó wo inú ọṣẹ, ó wò mí.

"Alhaja, kọ́kọ́rọ́ ilé ta lẹ fẹ́ ṣe?"

Mo ní kó pa ẹnu mọ́, kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kọ̀ láti jí, a ra epo, a tún dúró. Àkọ́kọ́ tó gé tóbi jù. Èkejì wọ inú ọṣẹ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun rò. Ta ló mọ̀? Ọ̀túnla ni òpin oṣù.

Ọjọ́ Ajé, 30 Òkúdù

Ó kọrin!

Kí n fara balẹ̀ kọ ọ́. Hassanat ti débẹ̀ kí n tó dé, orí ẹ̀rọ wà nínú báàgì rẹ̀. Ọláwọlé náà wà níbẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun nínú èéfín, ó jókòó sórí ìkòkò tó dojú délẹ̀. Ó kí mi dáadáa. Mi ò dáhùn dáadáa.

Ishaq gbé àpótí àti àwo bàbá wọn sórí bẹ́ǹṣì. Hassanat fi orí sí i. Mo ki ọwọ́ tí Job ṣe bọ ihò rẹ̀. Kò wọlé. Mo yí i díẹ̀ sápá òsì, mo tún tì í, ó gbá nǹkan mú nínú lọ́hùn-ún, ó dún kó. Mo ń yí i, mo ń ka ayatul-kúrísíyù nínú ọkàn mi. Mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo.

Kìkì èèrà ló kọ́kọ́ dún, ká ní èèrà ń dún. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan jáde, ó ń kí àwọn ará Èkó ládùúgbò-ládùúgbò, ohùn náà tínínrín, àmọ́ kò gbọ̀n. Gbogbo àwọn tó ń rọ ìkòkò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ishaq bojú. Mo ń sunkún, mi ò tijú. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ títí ó fi parí.

Ó parí. Ishaq na ọwọ́, ó fa ọwọ́ ẹ̀rọ yọ, ó gbé e sójú oòrùn. Irin tuntun. Kò sí ibi tí òróró ti kàn án rí.

"Èyí kọ́ ni ti Alhaja," ó ní.

Hassanat ń wo ilẹ̀. Ishaq wo ìkòkò, ó wo àwọn ẹrù tí wọ́n ti ń dì láti kó kúrò, ó wo èmi.

"Ó kọrin ṣá," ó ní.

Hassanat ní, "A ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà."

Wọ́n tà á fún mi. Ọláwọlé dìde, ó gbọn ṣòkòtò, ó lọ. Mo gbé e délé lórí itan mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Agẹmọ

Alihamudulilahi. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo tú u, mo ká a, mo tú u. Teslim náà gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun gbádùn ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Agẹmọ

Ọláwọlé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rò pé ìjà ló bá wá, mo ti ká apá aṣọ sókè. Ó ra páálí abẹ́rẹ́ maṣíìnì kan tí kò wúlò fún un, ó wá jókòó.

"Alhaja, ẹ ju èmi lọ. Mo gbà fún yín. Èmi náà lọ sí Onígbòǹgbò lọ bá ìyá yẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún mi ni mi ò lè borí ẹ̀ tí mo fi padà."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Ẹ ò mọ̀ pé wọn ò bímọ ni? Wọn ò bí rárá. Wọ́n ní ìdí méjì ló wà nínú ilé yẹn, pé àwọn ò ní ìdí kankan. Wọ́n ní ọkọ àwọn ló fún àwọn ní irin yẹn, kí àwọn ọmọ ìyàwó tó kù má baà lè ṣe é láìwá sọ́dọ̀ àwọn. Mo ní ẹ má bínú, Màmá, mo lọ. Mo rò pé ẹ̀yin ti rí ọ̀rọ̀ kan sọ fún wọn ni, tí wọ́n fi jẹ́ kí ẹ ṣe irú ẹ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí ọ̀rọ̀ kan sọ."

Nígbà tó lọ, mo fún télọ̀ kan ní ṣéńjì tó ju owó tó gbé wá lọ. Télọ̀ náà ló dá a padà fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Agẹmọ

Òjò. Mo fi aṣọ bò ó. Mi ò fẹ́ rí i.

Tí mi ò bá mọ̀, ẹ̀bi mi kọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kí ni àwọn yóò máa fi pè wọ́n, èmi ni mo ní wọ́n ń ná mi. Orí mi ò pé rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Agẹmọ

Hassanat wá sílé láìpè. Kò jókòó. Ó yọ nǹkan kan nínú báàgì, wọ́n fi ìborùn wé e, ìborùn tí mo rà fún Alhaja gan-an. Ọwọ́ ẹ̀rọ wọn ni.

"Mo lọ sọ fún Alhaja pé a ti tà á. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu wa," ó ní. "Wọn ò bínú, Mọ́mì. Wọ́n kàn yọ ọ́ lórí ìṣó, wọ́n ní kí n gbé e wá fún yín. Wọ́n ní ohun tí kò bá níṣẹ́ mọ́ kì í gbé ilé àwọn."

Mo bi í bóyá òun á ṣì máa lọ kí wọn. Ó ní òun á máa lọ, tí àyè bá wà. Ojú rẹ̀ ò gbé ojú mi.

Ó pé pátápátá wàyí: àpótí, orí, ọwọ́ tó bá a dáyé. Bóyá ni ẹlòmíì ní irú ẹ̀ ní gbogbo Èkó. Mo jókòó tì í, mo ń sunkún bí ọmọdé, Teslim sì wá jókòó tì mí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 17 Agẹmọ

Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí Onígbòǹgbò. Mo kúnlẹ̀ látẹnu ọ̀nà.

"Alhaja, mo dá a padà. Mi ò gba kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù. Wọ́n wo àpò náà, wọn ò fọwọ́ kàn án.

"Gbé e padà, Fàúsátù."

"Alhaja, ẹ dákun."

"Tí mo bá gbà á, kí ni yóò gbé wọn wá? Àánú ni. 'Ẹ jẹ́ ká lọ wo ìyá arúgbó yẹn, kò kúkú lẹ́nì kan.' Dàwódù ò fi mí sílẹ̀ fún àánú. Ó ní kí wọ́n máa wá nítorí pé wọn ò lè ṣe é láìsí mi. Wọ́n ti mọ̀ báyìí pé wọ́n lè ṣe é. O lè gbé ẹ̀rọ padà, ṣé o lè gbé ìyẹn padà?"

Mo ní kí wọ́n dárí jì mí.

"Mo ti dárí jì ọ́ láti ọjọ́ tí o dirun fún mi. Mo rí ọṣẹ lábẹ́ èékánná rẹ."

Yéè!

"Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ̀rọ̀, Alhaja? Kí ló dé tí ẹ ò gbá mi létí?"

"Mo rò pé o máa tijú dà á nù," wọ́n ní.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Agẹmọ

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ ikú Alhaji Dàwódù máa pé. Mo pe Ishaq. Mo ní kí wọ́n lọ o, màá gbé ẹ̀rọ náà wá, Alhaja ni yóò yí i, bí ó ṣe máa ń rí. Ó ní, "Ẹ̀rọ yín ni, Alhaja. Ṣé bí àlejò la fẹ́ máa wò ó?" Ó ní òun á wò ó, pé òun ń to ibi tuntun. Hassanat ní Sátidé ni ọjà máa ń yá jù, òun á gbìyànjú. Mo bẹ̀ wọ́n. Èmi Fàúsátù, tí mi ò bẹ ọkọ mi rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Agẹmọ

Mo dé Onígbòǹgbò láàárọ̀. Òjò ń ṣẹ́ wẹliwẹli. Alhaja ti tẹ́ ẹní láti inú yàrá dé kọ́rídọ̀. Kúlà ńlá mẹ́ta wà nílẹ̀, ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín, ẹran. Abọ́ tí wọ́n to gbé ara wọn ga dé ìbàdí mi. Wọ́n ti wọ léèsì, wọ́n ti lé tìróò. Irun wọn wà bí mo ṣe dì í sílẹ̀, ó ti ń tú.

"O gbé e wá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Jẹ́ kó wà nínú àpò ná. Tí wọ́n bá dé."

A jókòó. Tí ọ̀kadà bá ti dún lóde, Alhaja á tún ìborùn ṣe. A kírun Àìlá pọ̀, mo kí tèmi lónìí. Fóònù Ishaq ò lọ. Ti Hassanat dún títí, kò gbé e. Ọmọ aládùúgbò kan yọjú, a rò pé àwọn ni, iyọ̀ ló wá tọrọ. Ilé náà dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí òróró ẹran ṣe ń dì.

Lẹ́yìn Àsárì, Alhaja gbé abọ́ kan sílẹ̀ láti orí àwọn tó kù. Wọ́n bu ìrẹsì sí i, wọ́n fi ẹran lé e, wọ́n tún fi ẹran lé e, wọ́n gbé e síwájú mi.

"Jẹun."

Mo jẹ ẹ́. Mo fi omi tì í. Wọ́n tún bu òmíràn. Mo jẹ ìyẹn náà. Mi ò láyà láti sọ pé mo ti yó. Wọ́n dá ṣe àdúrà fún ọkọ wọn, èmi nìkan ni mo ń ṣe àmín. Wọn ò béèrè ẹ̀rọ mọ́. Mi ò yọ ọ́ jáde nínú àpò.

A jọ kó àwọn abọ́ mímọ́ padà sínú páálí. Wọ́n di oúnjẹ fún Teslim, wọ́n di fún àwọn ará ilé mẹ́ta tó yí wọn ká, kúlà kan ṣì kún. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, àpò ẹ̀rọ ń wúwo lọ́wọ́ mi.

"Fàúsátù. Lọ́dún tó ń bọ̀, ti èèyàn mélòó ni kí n sè?"

Mo ní, "Ti èèyàn mẹ́ta, Alhaja. Ẹ̀yin, èmi, àti Bàbá Kaothar. A máa wá. Wàlláhì, a máa wá."

Wọ́n mi orí. Wọ́n wo inú ilé, wọ́n wo àwọn ìkòkò tó dojú délẹ̀ lẹ́bàá ògiri.

"Mi ò ní ìkòkò tó kéré tó bẹ́ẹ̀," wọ́n ní.